Ọ̀sẹ̀ Tí Mo Dá Ìwé Kíkà Dúró ní Tres Talas

Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ káàkiri pé orí mi yí lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni mí, mo ti sin ọkọ, mo ti sin màlúù mẹ́tàdínlógún nínú ọ̀dá kan ṣoṣo, kò sí ohun tí ẹnu ayé tún fẹ́ fi mí ṣe. Dvoire Plotnik lorúkọ mi. Ohun tí mo ṣe, mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni, bó bá sì tún di ọ̀la, màá tún un ṣe.

Ọ̀sẹ̀ Fínéhásì ni, nínú oṣù keje, nígbà tí òtútù máa ń mú débi pé omi inú ọpọ́n àwọn adìyẹ á ti di yìnyín kílẹ̀ tó mọ́. Ní Tres Talas, abúlé àwa àgbẹ̀, báyìí la ṣe ń mọ ìgbà. Gbogbo Sábáàtì ló ní ìpín tirẹ̀ nínú Tórà, ìwé òfin Mósè, láti àtètèkọ́ṣe títí dé ikú Mósè, ọdún á yí po, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Leib ọkọ mi kú ní ọ̀sẹ̀ Nóà, òjò ọjọ́ náà ò sì jẹ́ ká rí ojú ọ̀nà dé itẹ́ òkú. Ìyá wa kú ní ọ̀sẹ̀ ikú Sárà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà yẹn, Aron àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ̀yìn mi ló sì ti mọ ayé. Bí ẹ bá bi mí léèrè ọjọ́ oṣù, àfi kí n lọ wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Bí ẹ bá bi mí ní ìpín ọ̀sẹ̀, màá dá yín lóhùn lójú oorun.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkùnrin inú sínágọ́gù wa máa ń pọ̀ débi pé àwọn kan á dúró síta lábẹ́ igi. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Wọ́n lọ sí Rosario, wọ́n lọ sí Buenos Aires, wọ́n di dókítà, wọ́n di oníṣòwò irun àgùntàn, wọ́n ń fi fọ́tò ọmọ ránṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ Kórà la sin Zalman alágbẹ̀dẹ, ó wá ku ọkùnrin mẹ́wàá géérégé. Mẹ́wàá náà lòfin béèrè kí a tó lè ṣí Tórà pẹ̀lú ìbùkún láàárín ìjọ. Mẹ́sàn-án kì í ṣe nǹkan kan, ìbáà jẹ́ wòlíì mẹ́sàn-án.

Àkájọ Tórà kan ṣoṣo la ní. Bàbá wa ló gbé e wá láti Besarábíà, ilẹ̀ àwọn baba wa, nínú ọkọ̀ ojú omi, ó fi tìmùtìmù ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ wé e, ó sì gbá a mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko. Èmi ọmọ ọdún méje ń bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò na ìka kan sí mi. Mi ò tíì dárí jì í tán. Ṣùgbọ́n Tórà náà dé láìsí ẹ̀kán omi kan lára rẹ̀, òun la sì ti ń kà láti ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Sábáàtì tí mò ń wí yìí, mo wà lókè níbi tí àwa obìnrin ń jókòó, Roza ìyàwó Aron wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wúkọ́ sínú gèlè rẹ̀. Nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin ti gbé Tórà jáde látinú àpótí mímọ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n bọ́ ẹ̀wù àrán lára rẹ̀. Naum Averbuj, akàwé wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ, fa igi méjèèjì tí a ká awọ Tórà mọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti kàwé. Ló bá dúró.

Mo na ọrùn wò ó. Gbogbo awọ Tórà ló wà lára igi òsì. Igi ọ̀tún rí gbọọrọ, ó wà níhòòhò bí ọmọ orógùn.

Ẹni tó bá ti wo Tórà láti ọgọ́ta ọdún kò nílò kí ó rí lẹ́tà kó tó mọ ibi tí a dé. Nínú oṣù keje, ó ti yẹ kí tọ̀tún sanra kí tòsì sì máa rù, torí a ti ka púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnì kan ti yí Tórà wa padà sẹ́yìn, látorí Fínéhásì títí dé àtètèkọ́ṣe.

"Ta ló ṣe èyí?" Naum béèrè. "Ọjọ́bọ̀ ni mo yí i síbi tó yẹ kó wà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi yí i."

"Bóyá eku ni," Froike dá a lóhùn. Froike ni alápatà wa, ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Eku tó ní kọ́kọ́rọ́ àpótí," ni Naum wí.

Aron nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ náà, òun ló sì máa ń ṣí àpótí fún Naum. Òun ni alága sínágọ́gù, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n yí i padà níṣojú gbogbo ìjọ. Àwọn méjì dìde, ọ̀kan di igi ọ̀tún mú, èkejì di tòsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ẹ ò mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń pẹ́ tó. A gbúròó awọ tó ń ha ara wọn. Ábúráhámù ń kọjá, Jósẹ́fù ń kọjá, Òkun Pupa ń kọjá, àwọn arúgbó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí òtútù. Èmi jókòó, mò ń rò ó. A kì í yí Tórà sí àtètèkọ́ṣe láàárín ọdún. Ọjọ́ àjọ̀dún ìparí ìwé nìkan la ń ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí bó bá ń lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé, ẹni tó ń fọwọ́ kọ Tórà, tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò láti orí ìlà kìíní. Ta ló ń rán Tórà wa lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé?

Mo yíjú sí Roza. Ó ti fi gèlè bo gbogbo ojú rẹ̀.

"Roza, kí ló dé?"

"Ẹ má bi mí, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ti bi ọ́ tán. Ìdáhùn ló kù."

Ó wúkọ́, ó ní, "Àárọ̀ ọ̀la ni mọ́tò ń bọ̀ láti Rosario. Sínágọ́gù tuntun kan níbẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ. Aron ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n wá gbé e, ká sì ti ilẹ̀kùn tiwa pa. Wọ́n ní kó yí i sí ìbẹ̀rẹ̀ kí akọ̀wé wọn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yí i lánàá. Ó... ó gbàgbé pé Sábáàtì kan ṣì wà láàárín."

Ó gbàgbé! Ọmọ tí mo gbé pọ̀n, tí mo kọ́ ní ìpín ọ̀sẹ̀ kó tó mọ bí a ti ń so okùn bàtà, ń múra láti pa sínágọ́gù bàbá rẹ̀, ó wá kánjú débi pé ó gbàgbé pé àwa tí a wà níbẹ̀ ò tíì kú. Mi ò rántí bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní àtẹ̀gùn náà ké bí ẹlẹ́dẹ̀, àwa tí a kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀.

Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, wọ́n ti dé orí Fínéhásì, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pè sì ti fẹ́ ṣí ẹnu súre. Mo la àárín àwọn ọkùnrin kọjá, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì náà, gbàà!

"Ẹ dúró! A ò ní kàwé lónìí."

Aron ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sókè."

"Mo ti wá sílẹ̀. Wọ́n ti ṣẹ̀ mí, n kò rí ẹni gbọ́ tèmi, mo dá ìwé kíkà dúró."

Naum wò mí. Lẹ́yìn náà ló ká Tórà pọ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó fa àga, ó jókòó.

"Naum, kí lò ń ṣe?" Aron pariwo.

"Mò ń sinmi," Naum dáhùn. "Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mi ò ní kàwé kọjá lórí rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Àṣà àwọn baba wa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí i rí. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lè dìde lọ́jọ́ Sábáàtì kó dá ìwé kíkà dúró, wọn ò sì gbọdọ̀ ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan títí ìjọ yóò fi dá a lóhùn. Opó lè ṣe é, ọmọ òrukàn lè ṣe é, ìránṣẹ́bìnrin lè ṣe é. Ìyá ìyá mi ṣe é ní Besarábíà nígbà tí àwọn olórí ìlú mú ọmọ rẹ̀ ṣe ọmọ ogun dípò ọmọ olówó kan. Wákàtí mẹ́ta ló fi dì mọ́ tábìlì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ìyá yẹn ò sì dákẹ́.

"Ó dáa," ni Aron wí, ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ ẹjọ́ yín kíákíá, oúnjẹ wà nínú ààrò."

"Sọ fún wọn ìwọ fúnra rẹ. Sọ ohun tí mọ́tò ń bọ̀ wá gbé láàárọ̀ ọ̀la."

Ariwo sọ. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Aron sì gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òun kò jalè. Ó ní ìgbìmọ̀ ló pinnu, òun, akọ̀wé ìgbìmọ̀ àti akápò.

"Èmi ni akápò!" Froike fò dìde. "Ìgbà wo lo bi mí?"

"Mo bi ọ́ nínú ìsọ̀ rẹ, nígbà tí o ń gé ẹran. O ní kí n ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú mi."

"Mo rò pé òrùlé tó ń jò là ń sọ!"

"Akọ̀wé ńkọ́?" mo béèrè.

Zalman ni akọ̀wé, a sì ti sin ín ní ọ̀sẹ̀ Kórà.

"Ìgbìmọ̀ tó dáa," ni mo wí. "Ẹnì kan kò gbọ́, ẹnì kan wà nínú ilẹ̀."

Ojú Aron pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni alága níbí."

"Alága ni ọ́ lóòótọ́. Ìwọ kọ́ ni Òkè Sínáì. Ìpín wo là ń kà lónìí, Aron? Sọ ọ́ kí ìjọ gbọ́."

"Fínéhásì ni."

"Ta ló wà nínú rẹ̀?"

Ó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ.

"Àwọn ọmọbìnrin Selofehadi ló wà nínú rẹ̀," mo ní. "Ọmọbìnrin márùn-ún. Bàbá wọn kú, kò ní ọmọkùnrin, wọ́n sì fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, níwájú Mósè, níwájú àlùfáà, níwájú gbogbo àgbààgbà, wọ́n ní kí ló dé tí orúkọ bàbá àwọn yóò fi parẹ́. Ṣé Mósè ní kí wọ́n padà sókè? Mósè tó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lójúkojú, òun náà ní kí wọ́n dúró kí òun lọ béèrè. Mósè lọ béèrè, Aron! Ìwọ ò béèrè lọ́wọ́ alápatà."

Froike rẹ́rìn-ín, ó tún rántí pé inú ń bí òun, ó sì fajú ro.

Aron sún mọ́ tábìlì. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ìpín. Ìpín wo ló kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ìrìn àjò ni. Wọ́n ṣí kúrò níhìn-ín, wọ́n pàgọ́ sọ́hùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejìlélógójì! Bàbá wa ṣí kúrò ní Besarábíà, kò sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìlú yìí ti tán, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo ìta. Ilé mélòó ló ṣì ń rú èéfín? Ní Rosario, ọgọ́rùn-ún ọmọdé ni yóò máa gbọ́ Tórà yìí. Níbí, ta ni? Àwa arúgbó tí a ń sùn láàárín ẹsẹ kan sí èkejì?"

Mi ò ní parọ́, ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo rí i lójú àwọn ọkùnrin náà pé ó gún àwọn pẹ̀lú. Àwọn méjì ti ń mi orí.

"Wọ́n ṣí kúrò lóòótọ́," mo dá a lóhùn. "Wọ́n gbé àpótí ẹ̀rí lọ nítorí pé gbogbo wọn jọ ń lọ ni. Fi ibì kan hàn mí, ẹyọ kan, tí wọ́n ti gbé àpótí lọ nígbà tí ènìyàn ṣì wà nínú àgọ́. Bí arúgbó bá ń sùn, à á jí i. Èmi ò sùn. Ọgọ́ta ọdún ni mo fi ń gòkè yẹn, òjò ò dá mi dúró, oyún ò dá mi dúró, ọjọ́ keje tí Leib kú mo wà níbẹ̀. Ìwọ wá fẹ́ fi mí ṣe ìlú tó ti tán?"

"Mẹ́wàá ni wá!" ó ké. "Mẹ́wàá! Bí ẹnì kan bá kúrò, ó ti parí nìyẹn, bẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ́ ẹ kọ̀!"

"Ta ló ń kúrò?"

Ó tún ń wo bàtà rẹ̀.

"Aron, mo bi ọ́. Ara ẹnikẹ́ni ò yá bí a ti ń wò ó yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní òun ń kú. Ta ló ń kúrò?"

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún pẹ̀lú etí ìborùn àdúrà rẹ̀. Láìsí gíláàsì, ojú rẹ̀ rí bó ti rí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta.

"Èmi ni," ó wí. "Lọ́jọ́rú. Àyà Roza ti bàjẹ́, dókítà tó lè wò ó, Rosario ló wà. Ọmọ wa ti wá yàrá fún wa. Kí ni kí n ṣe? Kí n fi yín sílẹ̀ lẹ́ni mẹ́sàn-án? Gbogbo Sábáàtì tẹ́ ẹ bá ti jókòó láìkàwé, orúkọ mi lẹ ó máa pè pẹ̀lú ègún. Mo ní ó sàn kí ilẹ̀kùn ti tì kí n tó lọ. Kí ó má jẹ́ pé èmi ni."

Mo di tábìlì mú. Àṣé àbúrò mi ń lọ. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí, ó ń wá mu tíì máté nílé mi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kò sọ. Ó dùn mí ju ti Tórà lọ, mo sọ ọ́ fún yín bó ti rí. Bí mo bá jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́, ibẹ̀ ni ǹ bá ti sunkún, ǹ bá jẹ́ kí wọ́n máa bá ìwé wọn lọ.

Èmi kì í ṣe obìnrin jẹ́jẹ́.

"Máa lọ," mo wí fún un. "Kò sí ẹni tó di aṣọ rẹ mú. Gbé ìyàwó rẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí Ọlọ́run wò ó sàn. Kó àga rẹ, kó ìkòkò rẹ, kó bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ṣùgbọ́n Tórà yìí kì í ṣe ẹrù rẹ."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe lẹ́ni mẹ́sàn-án?"

"Naum!" mo pè. "Bí ẹni mẹ́sàn-án bá wà, kí ni wọ́n lè ṣe?"

Naum họ irùngbọ̀n rẹ̀. "A ò lè pe ẹnikẹ́ni wá súre lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ mi máa ń sọ pé, níbi tí ìjọ ò bá pé, wọ́n lè ṣí i kí wọ́n kà á láìsúre, kí ó má baà di ohun ìgbàgbé."

"O gbọ́ ọ," mo wí.

"Ìyẹn kì í ṣe ìwé kíkà," Aron wí. "Eré ọmọdé nìyẹn. Bí ẹ ò bá jẹ́ ká kàwé, mo ń lọ sílé mi báyìí, ẹ ó sì rí bí mẹ́sàn-án ṣe rí."

"Lọ. Bí o bá lọ, ìpín ọ̀sẹ̀ yìí kò ní kíkà. Òfin sì ní ìpín tí ìjọ kò bá kà lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ kà á lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú tìyẹn. Àbí mo parọ́, Naum?"

"Ẹ ò parọ́."

"Tórà ò wá lè kúrò níbí lọ́la nìyẹn, nítorí a ṣì ń lò ó. Bí mọ́tò bá tún dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá tún gbá tábìlì. Mo ní ọwọ́ méjì, Aron. Mi ò sì ní iṣẹ́ mìíràn."

Froike ní, "Doña Dvoire, ẹ jọ̀ọ́, ikùn mi ò sí nínú ẹjọ́ yìí."

"Ó ti wà nínú rẹ̀ báyìí. Akápò ni ọ́."

Aron wọ kóòtù rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó di ilẹ̀kùn mú, kò ṣí i. Mo mọ̀ pé bó bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, yóò lọ láìbá mi sọ̀rọ̀ mọ́, a ó sì máa bínú síra wa bẹ́ẹ̀ títí a ó fi kú. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì gbé ọwọ́ mi kúrò lórí tábìlì. Ẹ bi mí bóyá ẹ̀rù bà mí. Ó bà mí.

Orí àtẹ̀gùn ni ohùn ti wá. Roza ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn obìnrin méjì dì í mú lápá. Ó dúró láti mí, ó ní:

"Aron, èmi ni mo ní ikọ́. Tórà ò ní ikọ́."

"Roza, padà jókòó..."

"Má fi mí ṣe àwáwí níwájú Ọlọ́run. Mi ò fẹ́ lọ dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn kí n máa rò pé nítorí àyà mi ni Dvoire ò ṣe gbọ́ ìpín mọ́. Kò ní jẹ́ kí n sàn. Fi í sílẹ̀. Ojú ń tì ọ́ ni, kò sì sí oògùn ìtìjú ní Rosario."

Aron dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí wa. Lẹ́yìn náà ló padà wá sídìí tábìlì, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

"Yóò dúró," ó wí fún ilẹ̀.

"Ilẹ̀ kọ́ ló dá ìwé dúró. Èmi ni."

Ó gbójú sókè, omi wà níbẹ̀, ìbínú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. "Tórà Gershon bàbá wa yóò dúró ní Tres Talas níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ gbọ́ ọ. Mo sọ ọ́ níwájú ìjọ. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn, obìnrin líle?"

Láti ọjọ́ tí mo ti bá a lò, kò sọ̀rọ̀ sí mi láìfi "ẹ" kún un rí. Mo jẹ́ kó kọjá. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti pọ́n, ó sì ti kú tipiri nítorí òtútù.

"Ẹ máa kàwé," mo ní, mo sì mú Roza lọ́wọ́, a gòkè padà.

Naum kàwé lọ́jọ́ náà bíi kí ògiri wó. Nígbà tó dé orí àwọn ọmọbìnrin márùn-ún náà, ó gbé ohùn sókè sí i, Froike sì yíjú wò mí láti ìsàlẹ̀, ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ta lẹ́ran tó gbówó lórí. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó parí. Ẹ̀wà àti ẹran inú ààrò ti gbẹ mọ́ ìkòkò. Kò sí ẹni tó ráhùn níwájú mi.

Mọ́tò dé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí bàtà wọn ń dán. Aron fúnra rẹ̀ ló dá wọn lóhùn. Wọ́n gbé àpò ọ̀dùnkún kan àti ẹyin padà sílé.

Lọ́jọ́rú mo sin Aron àti Roza dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Mo di búrẹ́dì àti ẹyin sísè fún wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀ lókèèrè, Aron fi kọ́kọ́rọ́ àpótí lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí."

"Mi ò tíì dárí ji bàbá wa," mo dá a lóhùn. "Tò sẹ́yìn rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹnu kan orí mi, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ títí mi ò fi rí èéfín ọkọ̀ náà mọ́. Nígbà náà ni mo sunkún, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí mo fẹ́ bá jà.

Sábáàtì dé. Àwọn ọkùnrin wọlé, wọ́n gbọn òjò kúrò lára, wọ́n jókòó sí ipò wọn. Ipò Aron ṣófo. Wọ́n dúró. Naum ń wo ilẹ̀kùn. Mo mọ ohun tó ń retí, èmi náà ń retí rẹ̀: kí ọmọ ẹnì kan ti wá kí bàbá rẹ̀, kí ọlọ́jà kan ti ṣìnà. Ilẹ̀kùn ò ṣí.

Naum dìde láti ka ìjọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àwa náà kì í fi iye ka ènìyàn láti mọ̀ bóyá a pé. Ẹsẹ àdúrà kan wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá gẹ́lẹ́, tí a fi ń tọrọ ìgbàlà àti ìbùkún fún ìjọ. Ẹni kọ̀ọ̀kan ni à ń fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kà. Bí ẹsẹ náà bá parí, ìjọ pé. Gbogbo wa ló mọ iye tó wà nínú ilé. Naum náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àṣà ni àṣà.

Ó nawọ́ sí Froike, ó pe ọ̀rọ̀ kìíní. Ó nawọ́ sí ẹni tó kàn, ó pe èkejì. Ó ń pè wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ láti orí àga dé orí àga, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, títí ó fi kan ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé àyà, ó pe ọ̀rọ̀ kẹsàn-án.

"Títí," ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú ẹsẹ náà, kò sì sí ọkùnrin tí wọn yóò fi ka. Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà ti ń ká ìborùn rẹ̀ pọ̀ láti máa lọ sílé.

Mo dìde lókè, mo di irin iwájú mi mú.

"Láé!" ni mo wí, ohùn mi sì kan òrùlé.

Arúgbó náà dúró. Naum gbójú sókè wò mí. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó na ọwọ́ sókè, mo ju kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì lọ ṣí àpótí.